Ta Ló Lè Gbé Wágọ̀nù Sórí Òṣùwọ̀n?

Bí ọkọ̀ ojú irin tí ń kó ẹrù bá ń ti apá àríwá bọ̀ wá sí Bouaké, etí ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin tó pàtẹ nítòsí á kàn fa abọ́ wọn sẹ́yìn díẹ̀, wọn ò tiẹ̀ ní gbójú sókè, torí ó ti mọ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wágọ̀nù: ení, èjì, ẹ̀ta, títí tí kíkà fi dàrú mọ́ ọn lójú. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn kọjá, ó yíjú sí mi, ó ní: “Bàbá Bouaké, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ bí èyí ṣe wúwo tó? Ṣé òṣùwọ̀n kan wà tó tóbi tó báyẹn ni?”

Mo lanu láti dá a lóhùn kíá, bí àwa àgbà ṣe máa ń ṣe, ni mo bá rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń rí ọkọ̀ yìí. Mo mọ ohun tó ń kó: epo, sìmẹ́ńtì, ajílẹ̀, òwú, màlúù. Mo mọ̀ pé bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni owó ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tí ogún géńdé ò lè mì, n ò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nìyẹn. Ohun tí mo rí dùn mọ́ mi débi pé mo ní kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin ìdílé tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Kí ló kan tèmi níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní wágọ̀nù kan pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀ jẹ́ 60 tọ́ọ̀nù. Bí òṣùwọ̀n bá fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ṣì í, 600 kìlógíráàmù nìyẹn. Bó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì ni, àpò méjìlá ni, tí àpò kan bá jẹ́ 50 kìlógíráàmù. Bí ọkọ̀ kan bá fa wágọ̀nù 20, ó ti di àpò 240. Ẹnì kan ló máa sanwó yẹn. Bí òṣùwọ̀n bá ń sọ pé ẹrù wúwo ju bó ṣe rí lọ, oníṣòwò ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́, á sì gbé e lé ọjà lórí, ẹni tó fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù mọ yàrá méjì sẹ́yìn ilé rẹ̀ ló máa parí rẹ̀. Bó bá ń sọ pé ẹrù fúyẹ́ ju bó ṣe rí lọ, ilé iṣẹ́ rélùwéè ló pàdánù. Ohun tó sì burú ju owó lọ wà níbẹ̀: irin tí a ṣe fún ìwọ̀n ẹrù kan á máa gbé èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí irin á fi ṣẹ́ tàbí tí ọkọ̀ á fi yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ojú irin tí mò ń sọ yìí ti pẹ́. Ọdún 1904 ni ìjọba amúnisìn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Abidjan. Ó dé Bouaké ní 1912, ó dé Ferkessédougou ní 1929, Bobo-Dioulasso ní 1934, ó sì wọ Ouagadougou ní 1954. Mítà kan péré ló wà láàárín irin méjèèjì. Láti 1995 ni ilé iṣẹ́ Sitarail ti ń bójú tó o. Nígbà tí ogun bẹ́ ní oṣù September 2002 tí Bouaké bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ọkọ̀ kò rìn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá wà níbí nígbà náà ò ní gbàgbé bí ilẹ̀ ṣe dákẹ́. Ní ti àwa Yorùbá tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Anago, púpọ̀ nínú wa ló jẹ́ ọmọ Èjìgbò, ìlú tí kò jìnnà sí Òṣogbo, rélùwéè kì í sì í ṣe àjèjì sí àwọn bàbá wa kí wọ́n tó dé ìhín: ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n náà kì í ṣe tuntun nínú ìdílé tiwa. Bàbá tó bí bàbá mi dáko kòkó. Lọ́dún kan, ó ru àpò kan láti oko dé ibi tí wọ́n ti ń rà á. Akọ̀wé tó ń ra kòkó gbé àpò náà kọ́ òṣùwọ̀n, ó dárúkọ iye kan, bàbá ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí orí òun tó ru ú mọ bó ṣe wúwo tó. Akọ̀wé ní òṣùwọ̀n kì í purọ́. Bàbá gba owó náà, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi délé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé ohun kan dájú, ohun tó máa ń bi í ni pé: “Ṣé bíi ti òṣùwọ̀n akọ̀wé?”

Jangirọ́fà abẹ́ ilẹ̀

Nígbà àtijọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá fẹ́ wọn kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà, wọ́n á fi ṣéènì gbé kẹ̀kẹ́ náà sókè pátápátá, wọ́n á fi kọ́ ọ̀pá òṣùwọ̀n ńlá kan bí ìgbà tí alápatà gbé ẹran kọ́. Ó léwu, ó sì ń gba àkókò. Ní àwọn ọdún 1740, ará Birmingham kan tó ń jẹ́ John Wyatt ti ṣe èyí tí kẹ̀kẹ́ lè gùn lé, tí ọ̀pá irin méjì mẹ́ta tó so kọ́ra wọn wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Strasbourg, ní nǹkan bí 1822, Alois Quintenz ṣe irú èyí tí òkúta ìwọ̀n kìlógíráàmù kan fi ń bá ẹrù kìlógíráàmù mẹ́wàá dọ́gba. Nígbà tó di 1831, Thaddeus Fairbanks, ará St. Johnsbury ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ fún tirẹ̀. Òwò igi okùn tí wọ́n ń pè ní hemp ló ń ṣe nígbà náà, ó sì ti sú u láti máa gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ sókè. Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó tẹ́ pákó lé ihò náà, ó to ọ̀pá sábẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ á kàn wọ́ gun orí rẹ̀.

Báwo ni ọ̀pá ṣe ń ṣe é? Ẹ rántí jangirọ́fà tí àwọn ọmọdé ń gùn, pákó gbọọrọ tí wọ́n gbé àárín rẹ̀ lé nǹkan. Bí àgbàlagbà bá jókòó nítòsí àárín, tí ọmọdé sì jókòó síbi tó jìnnà, ọmọ náà á gbé e sókè. Bí ibi tí ọmọ náà wà bá fi ìlọ́po mẹ́wàá jìnnà ju ibi tí àgbà wà, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo àgbà náà ti tó ọmọ náà láti fi bá a dọ́gba. Nísinsìnyí, ẹ fi orí jangirọ́fà kan fa ìkejì, kí ìkejì fa ìkẹta. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún kan nìyẹn. Wágọ̀nù tó jẹ́ 60,000 kìlógíráàmù ò ní fa ju 60 kìlógíráàmù lọ ní ìparí ọ̀pá ìkẹta. Ọkùnrin kan lè fi ọwọ́ rẹ̀ gbé ìyẹn. Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n náà, akọ̀wé á máa ti ìwọ̀n irin kan lọ sí iwájú lórí ọ̀pá tí wọ́n fín nọ́ńbà sí, títí ọ̀pá náà á fi dúró gbọọrọ. Ó parí. Níbi tó bá dúró sí ni wọ́n ti ń ka iye rẹ̀.

Mo ṣàlàyé èyí fún ọmọ náà pẹ̀lú rúlà àti òkúta wẹ́wẹ́ lórí tábìlì. Ó yé e kíákíá ju bí ó ṣe yé èmi lọ.

Wágọ̀nù kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin

Ibi tí iṣẹ́ ti le nìyí. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pe òṣùwọ̀n tí ọkọ̀ ń gùn ní pont-bascule, bí ẹni pé afárá ni, òótọ́ sì ni, torí kòtò ńlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹṣin á rọra gùn ún ni, wágọ̀nù ò ní rọra. Á já lé e, á fọwọ́ bíréèkì, á ta síwájú, á ta sẹ́yìn. Ẹ̀rọ tó ń fà á pàápàá, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n, á gba orí òṣùwọ̀n kan náà kọjá nígbà ẹgbẹ̀rún.

Ohun tí èyí ń bà jẹ́ jù lọ ni ojú ọ̀bẹ. Níbi tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ti jókòó, wọn ò lè gbé e lé irin pẹlẹbẹ, torí kò ní lè mì dáadáa. Wọ́n máa ń gbẹ́ irin líle bí ẹnu ọ̀bẹ, wọ́n á yí i kí ẹnu náà kọjú sí irin tó gbé e, kí ọ̀pá lè máa mì lórí ìlà tín-ín-rín kan. Ìlà náà ni gbogbo òótọ́ òṣùwọ̀n rọ̀ mọ́. Ká ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ló wà láàárín ojú ọ̀bẹ méjì ní apá kúkúrú ọ̀pá. Bí ọ̀kan bá jẹ tí ibi tó fi kan irin sì fi mìlímítà kan péré yẹ̀, òṣùwọ̀n ti fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yà kúrò lórí òótọ́. Ẹ padà sí ìṣirò wa: àpò sìmẹ́ńtì méjìlá lórí wágọ̀nù kan, nítorí ohun tí kò nípọn tó èékánná. Bí ojú ọ̀bẹ bá tún kú, tó rí rogodo bí ọ̀bẹ tí wọ́n ti fi gé egungun pẹ́, ọ̀pá náà á di ọ̀lẹ. Ẹ gbé ẹrù kékeré lé e, kò ní mì rárá.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ tí wọ́n dá sí i, èyí tí mo fẹ́ràn jù torí kò díjú, ni pé kí wọ́n tẹ́ irin onímejì méjì sórí kòtò náà. Irin méjì jókòó lórí òṣùwọ̀n, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní irin ààyè. Irin méjì mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, tó gba ibòmíràn dúró láìfara kan òṣùwọ̀n, wọ́n ń pè é ní òkú irin. Ọkọ̀ tí wọn ò fẹ́ wọ̀n á gba orí òkú kọjá, òṣùwọ̀n ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọjá. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀pá kan ni òṣìṣẹ́ á fà, gbogbo pẹpẹ á gbéra kúrò lórí àwọn ojú ọ̀bẹ, wọ́n á sinmi títí wágọ̀nù á fi dúró jẹ́ẹ́, kó tó wá dá a padà. Wọ́n tún so ọ̀pá irin mọ́ pẹpẹ láti ìparí kan dé èkejì, kí ó má bàa máa rìn nígbà tí bíréèkì bá mú.

Ojú ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹnì kan tó sá fún un ni Albert Emery, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà. Ó ṣe ẹ̀rọ kan fún ilé ìkóhun-ìjà ìjọba ní Watertown, ní Massachusetts, tó parí ní 1879. Dípò ojú ọ̀bẹ, àwo irin tín-ín-rín tó lè tẹ̀ díẹ̀ ló fi so àwọn ọ̀pá rẹ̀. Kò sí ohun tó ń ha ohun kan níbẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó ń jẹ. Wọ́n fi ẹ̀rọ náà fa ọ̀pá irin tó nípọn bí ọwọ́ ènìyàn títí ó fi já pẹ̀lú ariwo bí ìbọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi ẹ̀rọ kan náà fa ẹyọ irun ẹṣin kan. Ó já irun náà, ó sì sọ iye agbára tó gbà. Àwọn tó ń ṣe òṣùwọ̀n rélùwéè ní Amẹ́ríkà mú irú àwo yìí lò nígbà tó yá, ní ọ̀rúndún ogún, òṣùwọ̀n wọn sì di ohun tí jíjá wágọ̀nù ò tètè ń bà jẹ́.

Omi ni ọ̀tá tó kù. Ẹni tó bá mọ òjò ìlú yìí mọ̀ pé kòtò tó ṣí sílẹ̀ di kànga nìyẹn. Irin á dípẹtà, ẹrẹ̀ á gbé ọ̀pá dì, òkúta wẹ́wẹ́ kan á há sí àárín pẹpẹ àti etí kòtò, òṣùwọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wù ú. Kò gba ọgbọ́n ńlá: ojú ọ̀nà omi tó dára, ìbòrí, àti ẹnì kan tó ń gbá ibẹ̀. Ẹnì kan tó ń gbá ibẹ̀ ló sábà máa ń ṣọ̀wọ́n.

Àwọn kan tún rò ó pé bí ọ̀pá bá ń sọ òótọ́, ẹnu akọ̀wé ńkọ́? Wọ́n wá ṣe ọ̀pá tó ń tẹ nọ́ńbà náà sórí ìwé fúnra rẹ̀. Akọ̀wé á fi tíkẹ́ẹ̀tì sí i, á tẹ̀ ẹ́, iye tó wà níbẹ̀ ló máa jáde. Mo rántí bàbá àgbà nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn.

Ta ló ń wọn òṣùwọ̀n?

Ìbéèrè bàbá àgbà gan-an nìyí, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá náà sì pẹ́ kí wọ́n tó bi ara wọn. Òkúta ìwọ̀n kékeré lè dán òṣùwọ̀n ọlọ́jà wò, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ gbé lé òṣùwọ̀n wágọ̀nù? Ìdáhùn rẹ̀ ni wágọ̀nù mìíràn, èyí tí wọ́n mọ ìwúwo rẹ̀ dájúdájú, tí wọ́n ṣe ní irin pátápátá kó má bàa fa omi mu, tí wọ́n sì ń wọ́ káàkiri láti òṣùwọ̀n kan dé èkejì. Ní 1913 ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n tí ilé iṣẹ́ rélùwéè fi ń gbowó lọ́wọ́ aráàlú kò péye. Bí wọ́n ṣe ń wọ́ wágọ̀nù ìdánwò náà lọ láti òpin kan dé èkejì lórí òṣùwọ̀n, wọ́n lè sọ pé apá ibí ló ń ṣe irọ́, ojú ọ̀bẹ ibí ló ti kú.

Lónìí, ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n tuntun kò ní ọ̀pá mọ́. Òpó irin kúkúrú ló gbé ojú irin náà. Bí wágọ̀nù bá gùn ún, òpó náà á sún kì, kíkì tí ojú ò lè rí, ṣùgbọ́n wáyà tín-ín-rín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára á mọ̀, torí bí wáyà náà ṣe ń sún kì tàbí tó ń gùn ni iná mànàmáná ṣe ń rọrùn tàbí ṣòro láti gba inú rẹ̀ kọjá. Ọdún 1938 ni Edward Simmons ní California àti Arthur Ruge ní Massachusetts rí ọgbọ́n yìí, kálukú lọ́tọ̀. Òun ló jẹ́ kí wọ́n lè máa wọn ọkọ̀ láìjẹ́ pé ó dúró, ẹsẹ̀ méjì méjì, bó ṣe ń rọra kọjá.

Rírọra ni kókó ibẹ̀ o. Wágọ̀nù tó so kọ́ra wọn ń ti ara wọn, wọ́n ń fa ara wọn. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, tàbí tí ojú irin tó wọ òṣùwọ̀n náà bá fi díẹ̀ ga jù ú lọ, apá kan ìwúwo á bọ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìdí nìyẹn tí ìlànà àgbáyé fi pín àwọn òṣùwọ̀n tí ọkọ̀ ń kọjá lórí wọn sí kíláàsì mẹ́rin: 0.2, 0.5, 1 àti 2. Nọ́ńbà náà ni àṣìṣe tí wọ́n fàyè gbà nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́nu iṣẹ́. Lórí 60 tọ́ọ̀nù, ti kíláàsì 0.2 jẹ́ 120 kìlógíráàmù, ti kíláàsì 2 sì jẹ́ 1,200. Ẹ̀yin oníṣòwò tẹ́ ẹ ń fi wágọ̀nù kó ẹrù, kò burú kẹ́ ẹ béèrè èwo ni wọ́n fi wọn tiyín.

Ní tèmi o, n kò gbà pé èyí tó ń lo iná ti borí pátápátá. Mànàmáná lè pa á, ọ̀rinrin lè wọ inú rẹ̀, eku lè jẹ wáyà rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa fi ojú lásán rí ohun tó ṣe é. Ọ̀pá irin, ẹ lè wọ inú kòtò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ fi ìka kan ojú ọ̀bẹ tó kú.

Ní ọjọ́ tí ọmọ náà máa padà sí Abidjan, a tún lọ dúró síbi tí ọkọ̀ ń gbà. Mo ti fi hàn án lára wágọ̀nù kan pé wọ́n kọ TARE síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, pé ìwúwo wágọ̀nù náà nìyẹn nígbà tó ṣófo, pé òun ni wọ́n ń yọ kúrò kí ìwúwo ẹrù tó kù. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, bí òjò bá wọ inú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n á tún un kọ?” Mo ní wọn kì í tún un kọ, pé omi àti ìdọ̀tí tó bá kù nínú rẹ̀, ẹlẹ́rù ló máa sanwó rẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá wọn wágọ̀nù náà lófìfo lẹ́yìn tí wọ́n já ẹrù. Ó yọ bírò lápò, ó kọ nọ́ńbà náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní òun á béèrè ní Abidjan bóyá wọ́n wọ̀n ọ́n.